Èékánná Mẹ́wàá Kí Aago Méjì Tó Lù

Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti kó wọ ojúlé wa ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àpótí kan ló gbé wá, ibùsùn kékeré kan, àti ọmọbìnrin kan tí èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Yàrá tirẹ̀ ló kángun sí tèmi. Èmi ni mò ń tún bàtà ṣe níwájú ilé, lábẹ́ páànù tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ bàtà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìwé. Ara páálí bàtà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, láti orí nọ́ńbà ẹsẹ̀ títí dé ìkìlọ̀ pé kí omi má kàn án, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sùn lórí bẹ́ńṣì nílé ìwé. Nítorí náà, bí mo bá ní mo lè kọ ìtàn èèyàn kan kó gún régé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú.

Àwọn ọmọ ojúlé ló sọ ọ́ ní Aláràbarà. Orúkọ yẹn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí pé fún ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀, kò sí ohun aràbarà kankan lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló ń bá ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ to bisikíìtì sínú ọ̀rá. Níbẹ̀, wọn kì í wọ òrùka, wọn kì í so nǹkan mọ́ ọrùn ọwọ́, èékánná kò gbọdọ̀ gùn ju ẹran ìka lọ, kútẹ̀sì sì ni èèwọ̀ tó ga jù. Obìnrin kan wà tó máa ń dúró ní géètì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òwú funfun, tó ń yẹ ọwọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn. Awòka ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní Awòka lè wo èékánná èèyàn kó sọ ohun tó jẹ ní ìjẹta. Èmi ni mo fi kún un pé ó lè sọ ohun tí onítọ̀hún máa jẹ lọ́la.

Òfin Awòka kò pọ̀. Ẹni tó bá kun èékánná, kó máa lọ sílé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bó tàbí tó ṣẹ̀jẹ̀, kí òun náà máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá èyíkéyìí nínú méjèèjì pàdé nínú bisikíìtì ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsinmi bá pé, Aláràbarà á gbé àpótí ìjókòó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe é nínú yàrá, torí pé òórùn kútẹ̀sì kì í bá àyà ọmọ rẹ̀ rẹ́. Á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, á sì to ohun èlò rẹ̀ síbẹ̀ bí dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Kò ra kútẹ̀sì tuntun rí. Onídìrí kan ní òpópónà kejì ló máa ń kó ìgò tó ti gbẹ dé ìsàlẹ̀ fún un. Á kán omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ̀sì sí i lẹ́ẹ̀mejì, á wá máa yí ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kì í mì ín, ó ní bí èèyàn bá mì ín, á hó, bó bá sì hó, ojú rẹ̀ ò ní í dán. Bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán ló fi ń tọ́ àmì róbótó róbótó. Orí abẹ́rẹ́ ló fi ń ya òdòdó. Bó bá fẹ́ kí ìlà tọ́, sẹ́lótéèpù ni. Á kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, á ṣí i, á tún lẹ̀ ẹ́, kí agbára rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀, kó má baà bó àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ dà nù. Fóòmù tó já kúrò lára bẹ́ẹ̀dì ló fi ń po àwọ̀ méjì mọ́ra wọn. Ìgbà mìíràn sì wà tó máa ń kán kútẹ̀sì sínú ife omi, tí àwọ̀ á fẹ̀ lójú omi bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, á wá ki ìka bọ̀ ọ́, àwòrán yẹn á lẹ̀ mọ́ èékánná rẹ̀.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ni èrè rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó ṣú ló máa nù ún kúrò.

Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́fà ni ọwọ́ yìí fi jẹ́ tiwọn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi lọ́jọ́ kan."

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé agbaṣẹ́ṣe ṣì ni wọ́n kà á sí. Ọdún kejì rèé tó ti ń to bisikíìtì, síbẹ̀ kò tíì di òṣìṣẹ́ gidi. Òṣìṣẹ́ gidi ní káàdì ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kò ní nǹkan kan. Ọmọ rẹ̀ yìí ní ikọ́ fée, èyí tó máa ń fún èèyàn láyà títí èémí á fi di ohun tí a ń wá kiri. Oògùn rẹ̀ wà nínú ike kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́nu, kò sì pẹ́ tó fi ń tán. Bí wọ́n bá lè fún obìnrin yìí ní káàdì náà, ọmọ rẹ̀ á máa rí oògùn gbà. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè lọ́wọ́ ayé nìyẹn, mi ò sì tíì gbọ́ kó béèrè nǹkan mìíràn.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí mò ń sọ yìí, ọmọ náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tí mo fi ń gé awọ lọ.

"Màmá, èékánná obìnrin inú kàlẹ́ńdà onídìrí yẹn gùn gan-an. Tiyín kúrú bíi ti ọkùnrin."

"Ọkùnrin wo?"

"Bàbá Oníbàtà."

Mo wo èékánná mi. Mo ní, "Èékánná yìí ti lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ká ní ó lẹ́nu, ì bá ti bú ẹ."

"Kó bú mi náà, Bàbá àgbà. Kò sáà ní í gùn."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í sábà rẹ́rìn-ín, nítorí náà èmi náà fi ẹsẹ̀ bàtà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Ó mú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó ti ṣófo, ó gé ibi tó tẹ́jú lára rẹ̀, ó ya èékánná mẹ́wàá sí i, ó gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tan àbẹ́là, ó ń fi ẹ̀mú kékeré mú wọn sún mọ́ iná, títí ike náà fi tẹ̀ kọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ìka. Ó gba sánpépà lọ́wọ́ mi, ó fi ha etí wọn. Sùúrù tó ní lọ́jọ́ náà, bó bá fi ṣe ẹ̀bẹ̀ fún òkúta, òkúta á dáhùn.

Ṣùgbọ́n wọn ò lẹ̀. Ó ká sẹ́lótéèpù po sábẹ́ wọn, wọ́n jábọ́. Ó fi ìyẹ̀fun po lẹ́ẹ̀, wọ́n tún jábọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bọ́ sínú ife tíì mi.

Ìgbà náà ni mo la ẹnu mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi kó ọ̀ràn bá.

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi wà níbí, o wá ń fi ìyẹ̀fun lẹ nǹkan? Gọ́ọ̀mù mi yìí, èmi ni mo pò ó, ohun tí mo fi pò ó, bí wọ́n fi iná sí mi lábẹ́, mi ò ní í sọ. Bàtà tí mo bá fi lẹ̀ kì í tú. Ọkùnrin kan wọ bàtà tí mo lẹ̀, ó já sínú odò. Ọkùnrin náà rì, bàtà ò tú."

Ọmọ náà ní, "Ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Bàtà ni wọ́n rí dì mú. Òun ni wọ́n fi fà á jáde."

Ìyá rẹ̀ gba agolo gọ́ọ̀mù náà, ó ń wò ó. "Bàbá, ṣé ó máa ṣeé yọ tó bá di ìrọ̀lẹ́?"

"Á ṣí bí èèpo ẹ̀pà."

Mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ èékánná èèyàn rí láyé mi. Mo kàn sọ ọ́ ni. Ẹnu tó ti mọ́ra láti máa fi ọkàn oníbàárà balẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ó lẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ti àtàǹpàkò ọ̀tún ló fi gọ́ọ̀mù sí jù, ó ní òun ló máa ń kọ́kọ́ kan nǹkan. Lẹ́yìn náà ló kùn wọ́n. Ìdí èékánná jẹ́ àwọ̀ aró, orí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, ibi tí méjèèjì ti pàdé, o ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Ó fi orí abẹ́rẹ́ fa ẹ̀ka igi tín-ínrín sí i, ó fi bírò tọ́ òdòdó funfun sára ẹ̀ka. Ẹyẹ kan tó ń kọjá lọ yà wá sórí páànù mi, ó bẹ orí wò ó. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ẹyẹ. Ọmọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá náà tẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ẹlòmíràn fún lẹ́bùn.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Akápálí fi yọ. Ilé iṣẹ́ kan náà lòun náà wà, yàrá tí wọ́n ti ń ká páálí ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti rìn, òógùn ti bò ó.

"Aláràbarà, o ò tíì gbọ́? Ẹ̀rọ kejì bàjẹ́ lánàá, iṣẹ́ ti wọ́ jọ. Máníjà ní kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń to bisikíìtì àti àwa tí à ń ká páálí wọlé lónìí, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n fẹ́ mú èèyàn mẹ́rin sí òṣìṣẹ́ gidi, inú àwọn tó bá wọlé lónìí ni wọ́n ti máa mú wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ló máa wá lọ́jọ́ ìsinmi."

Aláràbarà dìde. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Awòka ló rán mi. Orúkọ rẹ ló kọ sókè pátápátá, mo fi ojú mi rí i. Ṣáà ti dé kí wọ́n tó ti géètì." Ìgbà náà ló rí ọwọ́ rẹ̀. "Kí nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni, mi ò pè é ní ẹsẹ̀. Kí ló wà lórí rẹ̀?"

"Á kúrò."

"Kó yáa kúrò o. Ìwọ náà mọ Awòka." Ó bá tirẹ̀ lọ, ó ní àwọn mìíràn ṣì wà tí òun máa lọ sọ fún.

Aago ara ògiri mi sọ aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ilé wa dé ilé iṣẹ́, bí èèyàn bá rìn kánkán, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, ọkọ̀ kì í sì í wọ àdúgbò wa lọ́jọ́ ìsinmi. Ó jókòó, ó tú omi kútẹ̀sì sórí òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọ̀ náà. Iṣẹ́ àárọ̀ kan lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ku ike. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e títí ó fi bá ẹran ìka dọ́gba, ó wá gbá ti ọmọńdinrín òsì mú, ó fà á.

Ike náà wá, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ yọ létí èékánná, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Gbogbo wa wò ó.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ní bí èèpo ẹ̀pà."

Mo bu omi iyọ̀ wá, ó ki ìka náà bọ̀ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo wá ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀; ike náà mọ́ gaara, ó ti kúrú, ojú ta ló máa rí i?

"Bàbá, òwú ni Awòka fi ń nu etí èékánná. Bí òwú bá ti há síbì kan, ó parí. Obìnrin kan fi ike wọlé lọ́dún tó kọjá, wọn ò kàn lé e lọ sílé, wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Bí mo bá fi ike lọ, orúkọ mi ló lọ. Bí mo bá sì fà á, ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n á dá mi padà." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi. "Kí ni kí n ṣe é? Kí n gé e?"

Mo ní tínà wà, èyí tí mo fi ń tú gọ́ọ̀mù lára awọ. A lọ sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ọmọ. Mo fi òwú kán an sórí ìka ìfábẹ̀lá òsì. Gọ́ọ̀mù náà rọ̀ díẹ̀, àmọ́ awọ ara rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí iná rà. Ó di eyín pọ̀, ó ní kí n kán an sí i. Mo sún mọ́ ọn, ni a bá gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, a ti gbàgbé rẹ̀.

Ó sáré wọlé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n nàbọn sí, torí pé tínà wà lára wọn, kò lè fi wọ́n kan ọmọ tirẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn, èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń súfèé. Èmi ni mo mú ike oògùn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà á fún un, "Fà á sínú, ọmọ mi. Dì í mú. Tú u sílẹ̀."

Nígbà tí àyà ọmọ náà rọlẹ̀, mo mi ike náà létí mi. Mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Aláràbarà rí mi bí mo ṣe mì ín.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ara mi ti yá. Ẹ lọ yọ èékánná." Nígbà tó ṣe, ó ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é."

"Ìwọ kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Òtítọ́ ni. Èmi ni.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi, mi ò sì ní í fi ìrẹ̀lẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀: òwú tí mo fi ń rán àtẹ́lẹ̀ bàtà ni, èyí tí mo ti fi àbẹ́là pa títí ó fi ń yọ̀. A bu omi gbígbóná sínú abọ́, a fi ọṣẹ àti òróró sí i, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ìdí ike lè rọ̀. Mo ki òwú náà sábẹ́ etí ike, mo wá ń fà á síwá sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fi ayùn la pákó tó tinrín ju ewé lọ. Ike àkọ́kọ́ ṣí. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjìlá ló gbà, mẹ́jọ sì ṣẹ́ kù, aago méjìlá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Ọmọ náà gbé àpótí sábẹ́ aago, òun ló ń pe àkókò fún wa.

"Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún."

"Ẹ fà á, Bàbá."

"Bí mo bá fà á, ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ fà á díẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni yẹn náà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, jẹ́ kí n ṣe é."

Ojú mi ń ṣomi. Mo ti máa ń sọ fún gbogbo ayé pé ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, pé mo lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ki òwú kó tó wọ abẹ́ ike. Omi ń tutù, ọmọ náà ń bù ú láti inú fúláàsì, ó ń padà sábẹ́ aago. Aláràbarà kò wo ìka tí mo ń ṣe. Ìka tó kàn ló ń wò, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó ku mẹ́ta.

"Aago kan ààbọ̀."

Ó ku ẹyọ kan, àtàǹpàkò ọ̀tún, èyí tó fi gọ́ọ̀mù sí jù. Akápálí gba iwájú ilé kọjá, ó bẹ orí wọlé. "Mò ń lọ o. Ṣé kí n dúró?"

"Máa lọ. Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

"Ṣé ti ẹyọ kan ò lè—"

"Awòka kì í ka mẹ́sàn-án. Máa lọ."

Òwú já. Mo fi àbẹ́là pa òmíràn. Òun náà já. Ó fi eyín bu ètè ìsàlẹ̀ jẹ, ó ń mí bíi ti ọmọ rẹ̀. Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀ kó lè gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń wá bàtà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà kò pe àkókò mọ́. Nígbà tí ike náà fi máa ṣí, tó bọ́ sínú abọ́, mo gbójú sókè: aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Ó sáré. Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo bá a sáré, pé mo tilẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ ní ibi kan. Irọ́ ni. Orúnkún mi kò gbà. Mo ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mò ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kéré, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú àyà, bí ẹni tó gbé ẹyin, kí wọ́n má baà kan nǹkan kan tó lè dọ̀tí wọn.

Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti ti géètì, Aláràbarà sì ti kàn án títí Awòka fi jáde sí i. Irin ni géètì náà, èèyàn lè rí inú láàárín rẹ̀. Awòka dúró sí apá kejì, obìnrin kúkúrú, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń fi iyọ̀ sí ìtàn yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ibí yìí, mi ò fi nǹkan kan sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Aláràbarà wí. Kò lè mí dáadáa.

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mo mọ̀, mà."

"Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró dè ẹ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni. Níbo lo wà?"

Ó ki ọwọ́ méjèèjì gba àárín irin wọlé, bó ṣe máa ń nà wọ́n láràárọ̀. Awòka wò ó, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì. Ó yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. Ó mú òwú, ó fi nu etí èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Ìka tó pọ́n yẹn, ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó rí i pé kò bó. Òwú náà kò há síbì kankan, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Ó ní, "Ọwọ́ rẹ mọ́." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Ó mọ́ ju ti àwọn tó wọlé lọ."

Kò ṣí géètì. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ìyá, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo—"

"Bàbá, ẹ má bínú. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Máníjà ti mú un wọlé, ó ti gba ìwé tí orúkọ wà lára rẹ̀. Ó ti fa igi lé orúkọ àwọn tí kò wọlé." Ó yíjú sí Aláràbarà. "Wá lọ́la, aago mẹ́fà, bó o ṣe ń wá."

"Ìgbà wo ni wọ́n á tún mú èèyàn, mà?"

"Ọdún méjì ni wọ́n fi dúró kí wọ́n tó mú ti òní."

Inú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Aláràbarà fa ọwọ́ rẹ̀ jáde láàárín irin. Awòka ló kọ́kọ́ lọ.

A rìn padà. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ara páálí bàtà, kò sí ọ̀kan tó wúlò lójú ọ̀nà yẹn. Nígbà tí a dé kọ́nà ilé wa ni Aláràbarà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi lójú ọmọ yẹn. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, ó máa rò pé òun ló kàn."

Ọmọ náà wà lórí àpótí lábẹ́ aago, kò tíì dìde. "Màmá, ṣé wọ́n mú yín?"

"Wọ́n ní ọwọ́ mi mọ́."

Ọmọ náà ronú sí i. "Ṣé ìyẹn ni pé wọ́n mú yín?"

"Rárá."

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó mú ike oògùn, ó mì ín létí, ó tún un mì, ó gbé e sílẹ̀ sórí pèpéle níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Ó wá bi mí bóyá mo mọ aago tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò sórí ìlà oògùn ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá. Mo ní mo mọ̀ ọ́n: aago mẹ́rin ìdájí, ẹni tó bá dé aago márùn-ún, á padà lọ́wọ́ òfo. Ó ṣírò rẹ̀. Bí òun bá wà lórí ìlà ní aago mẹ́rin, bóyá òun lè fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹnìkan kí òun tó lọ to bisikíìtì.

Mo ní, "Èmi ni mo máa dúró síbẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wo? Mo lè dúró ọjọ́ mẹ́ta."

Ó wò mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó ní kí n máa múra láti aago mẹ́ta ààbọ̀, òun á wá kan ilẹ̀kùn mi.